Ẹni Tó Ń Wá Àṣìṣe Kì Í Ṣe Ọ̀tá: Bí A Ṣe Ń Yan Olùyẹ̀wò Ètò Kọ̀ǹpútà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Akọ̀wé, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá àṣìṣe kiri?" Ó ní, "Ìwọ ṣáà máa bọ̀." Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé púpọ̀ nínú wa ló ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí. Àwa la wá ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí à ń bi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè kí wọ́n tó rí iṣẹ́. Àwọn ọmọ tiwa náà sì ń jókòó níwájú tábìlì ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá lọ́nà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní software, ni àwọn àṣẹ tí àwọn kan jókòó kọ sílẹ̀ láti sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe fún un. Áàpù tí ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, ètò ni. Èyí tó ń ṣírò owó iná, ètò ni. Ènìyàn ló ń kọ ọ́, kò sì sí ènìyàn tí kì í ṣàṣìṣe. Nítorí náà, kí ètò tó dé ọwọ́ ará ìlú, ó yẹ kí ẹnìkan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kó sì là á mọ́lẹ̀ pé, "Ibí yìí kò dára o." Ẹni yẹn là ń pè ní tester, olùyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí a jọ gbé họ́ńtẹ̀ẹ̀lì, ẹ ó rántí pé olùkọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ní láti tọ́ ọbẹ̀ wò kí agogo oúnjẹ tó lù. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Àwa là ń tọ́ ọ wò.

Kòkòrò ni àwa oníṣẹ́ yìí máa ń pe àṣìṣe inú ètò. Bug ni lédè òyìnbó. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1947, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ Mark II ní Yunifásítì Harvard rí àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n àfòpiná yẹn ló gba òkìkí. Kòkòrò òde òní kò níyẹ̀ẹ́, kò sì lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà jẹ́ pọ̀ ju ti àfòpiná lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ò ní tíì gbàgbé ti 2025. Èsì ìdánwò JAMB jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ rí máàkì tí kò jọ ti wọn rárá, ni ariwo bá ta. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan tó yẹ kó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ìdánwò ní ẹkùn Èkó àti ti Owerri kò dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i kí èsì tó jáde. Ibùdó ìdánwò 157 lọ̀rọ̀ náà kàn, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó padà wá tún ìdánwò ṣe. Lóṣù karùn-ún ọdún náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tọrọ àforíjì níwájú àwọn oníròyìn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè jáde sọ pé òun ló lẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ tó ti fi gbogbo òru kàwé, tí bàbá rẹ̀ sì ti bú u pé ó yọ̀lẹ.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún burú jùyẹn. Láti 1999 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn ti ń lo ètò ìṣirò owó kan tí wọ́n ń pè ní Horizon. Ètò náà máa ń sọ pé owó kò pé ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń bá wọn ta sítáǹbù, nígbà tí owó pé. Dípò kí wọ́n yẹ ètò wò, àwọn ènìyàn ni wọ́n dì mú. Láàárín 1999 sí 2015, ó ju ènìyàn 900 lọ tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ tó ṣe òfin tó pa ẹ̀bi wọ̀nyẹn rẹ́. Ẹ wá rí i pé ẹni tí a bá gbà síṣẹ́ ìyẹ̀wò, kì í ṣe ẹrù kékeré ni a dì lé e lórí. Àwa tí à ń yàn án, ẹrù tiwa ló kọ́kọ́ wúwo.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi fún yín.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo wà ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń ṣe áàpù ìfowóránṣẹ́. N ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n yan olùyẹ̀wò kan. Àwọn méjì ló kù sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Yunifásítì jáde, ó wọ kóòtù, ó de táì, Gẹ̀ẹ́sì ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí agogo. Gbogbo ohun tí mo bi í nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ wa ló dáhùn láìdúró mí. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti Poli jáde. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, sà, mi ò mọ ìyẹn." Nígbà tó fẹ́ dìde lọ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí á fi kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo ṣèèṣì kọ ọ́ pé 2091 ni wọ́n bí mi dípò 1991, ó sì gbà á. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbà á. Bóyá ẹ lè bá mi sọ fún ẹni tó ni ín."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi: "Èwo ni tàṣejù? Ọmọ tó wá wáṣẹ́ ló ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀." Mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. A gbé áàpù tuntun jáde. Bí ènìyàn bá tẹ ibi ìfowóránṣẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já, tó sì tún un tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ń lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa, èyí tí kì í já, ni ọmọ wa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀ ẹ́, owó lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára.

Ìyá kan tó ń ta ata wá bá wa ní ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, náírà 45,000. Dípò kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, owó ọjà ọ̀la sì bá a lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni a tó rí èyí tó ṣe é lé gbà padà fún un. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀. Ìbéèrè tí ìyá aláta bi wá yẹn, òun gan-an ló yẹ kí olùyẹ̀wò ti bi wá kí áàpù tó jáde. Ọmọ tó wo ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà tó ní ó gba 2091 yẹn, ó dá mi lójú pé ì bá bi í.

Mo pè é. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ ṣé, sà, mo ti ríṣẹ́." Ó parí.

Mi ò dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi o. Ohun tí mo bi í ló dáhùn. Èmi ni mi ò bèèrè ohun tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo fi ń ṣe íńtáfíù padà. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, nítorí ó bá iṣẹ́ mìíràn mu pẹ̀lú.

Èkíní, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn. Kí oníkálukú yín fún wọn ní máàkì kí ẹ tó bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ohùn ọ̀gá má baà bo ti àwọn yòókù. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter ṣe àkójọ ìwádìí ọdún 85 lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé íńtáfíù tí a ti to ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ máa ń fi bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ hàn ju èyí tí a kàn fi ń tàkúrọ̀sọ lọ. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Iye tí wọ́n rí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n íńtáfíù tí a to ìbéèrè rẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

Èkejì, ẹ gbé iṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun mọ ọkọ̀ wà, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tí èmi ń lò jù rèé. Mo máa ń ya àpótí kan sórí ìwé, mo ní, "Ibí ni oníbàárà yóò kọ nọ́ńbà àkáùǹtì báǹkì sí. Kí lo máa yẹ̀ wò?" Gbogbo wa la mọ̀ pé nọ́ńbà mẹ́wàá ni àkáùǹtì báǹkì wa ní Nàìjíríà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là yóò ní, "Máa kọ nọ́ńbà mẹ́wàá sí i, máa wò ó bóyá ó gbà." Ó tán. Ẹni tó sàn jùyẹn yóò ní òun máa kọ mẹ́sàn-án, òun máa kọ mọ́kànlá, òun máa kọ lẹ́tà sí i, òun máa fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tí mò ń wá gan-an kò ní tíì fi nǹkan kan sí i. Yóò kọ́kọ́ bi mí léèrè: "Ta ló máa lò ó, sà? Irú fóònù wo ló wà lọ́wọ́ wọn? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí owó bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn?" Lẹ́yìn náà ni yóò tó máa sọ pé: "Bí nọ́ńbà bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ètò yín ò ní ju òdo náà nù? Bí wọ́n bá dà á kọ láti WhatsApp, tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ṣebí àwọn yòókù ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ṣé ètò yín ń lò ó láti mọ èyí tí wọ́n kọ ní àkọtì? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" Nígbà tí mo bá gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìyá aláta ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, tiyín náà wà níbẹ̀. Ní 1979, Glenford Myers kọ ìwé kan tó ń jẹ́ The Art of Software Testing. Ó fi ìdánwò kékeré kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ètò kan wà tó ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, gígùn ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta, tó sì ń sọ bóyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, tàbí méjì, tàbí kò sí èyí tó dọ́gba. Báwo lo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ó dà bíi pé kò le. Ṣùgbọ́n ta ló rántí láti kọ 1, 2 àti 3? Ẹ yà á wò: 1 pẹ̀lú 2 jẹ́ 3, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí ìkẹta, kò di onígun mẹ́ta. Òdo ńkọ́? Nọ́ńbà tó dín sí òdo ńkọ́? Máàkì 14 ni Myers là sílẹ̀. Ó ní àwọn akọ̀wé-ètò tó gbówọ́ pàápàá, 7.8 ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń fún wọn ní ètò kékeré kan tí mo mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n wá a, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí. Ohun mẹ́ta ni mò ń wò: ohun tó ṣe, ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, ohun tó padà ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá ka ìwé rẹ̀, tó tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, tó sì rí àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, ìwé náà pé. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé "kò ṣiṣẹ́", ẹjọ́ ló rò, kò jẹ́rìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bèèrè nípa ìjà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé ọmọ òun lójú wíwọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Bí o bá mú àṣìṣe wá, tí ẹni tó kọ ètò ní lórí ẹ̀rọ tòun ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí lo máa ṣe?" Ẹni tó bá ní òun máa fi í lé òun lọ́wọ́ tán, mò ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa fi í sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mò ń bẹ̀rù rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní, "Máa ní kó jẹ́ ká jọ jókòó ti ẹ̀rọ méjèèjì, ká wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀", ọmọ mi nìyẹn. Aàbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Ẹ̀karùn-ún, tó sì kàn wá jù, ẹ má fi ohun tí kò kan iṣẹ́ ṣe òṣùwọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì dídùn kọ́ ni ìyẹ̀wò. Kóòtù kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí tó ń lọ kọ́, ìlú bàbá rẹ̀ kọ́, bóyá ó ti lọ́kọ kọ́. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ohun kan, ẹ má yọ máàkì rẹ̀; nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò lè sọ pé "mi ò mọ̀" ló ń kọ ọ́ pé "ó dára" sára ohun tí kò yẹ̀ wò. Ti ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Mi ò kórìíra rẹ̀. ISTQB ní ìdánwò kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè 40, ẹni tó bá gba 26 ti yege. Ó dára kí ọmọ ní in, ó fi hàn pé ó mọ èdè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ènìyàn mọ orúkọ gbogbo ewé, ká ní ó ti di oníṣègùn.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá pè é fún aago mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kó jókòó di aago méjì. Ẹ má fún un ní iṣẹ́ ọ́fíìsì yín gan-an láti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá pè é ní ìdánwò. Bí ẹ ò bá mú un, ẹ sọ fún un. Ẹni tó ń dúró de ìpè tí kò ní dé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹ bá mi sọ fún wọn: kí wọ́n má kàn máa há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí. Kí wọ́n mú áàpù kan tó wà lórí fóònù wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ àṣìṣe márùn-ún tí wọ́n bá rí sílẹ̀ bí mo ṣe wí, kí wọ́n sì mú ìwé náà dání lọ síbi íńtáfíù. Èmi ò tíì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí n má fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó mú un wá.

Kí n tó jókòó, ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Wọ́n ní kí n lé e. Mo ní bí wọn yóò bá lé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ lé èmi tí mo mú un. Mo mú un lọ bá ìyá aláta lọ́jà. A jókòó tì í, a wo bó ṣe ń fowó ránṣẹ́ nínú ariwo, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó ń lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tutù fún omi. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti là. Olórí àwọn olùyẹ̀wò ni níbòmíràn lónìí, òun náà sì ń ṣe íńtáfíù fún àwọn ọmọ tuntun.

Olùkọ́ wa kan wà tí kì í gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ wa bí a bá tètè parí. Yóò ní, "Jókòó. Tún un kà bí ẹni pé ọ̀tá rẹ ló kọ ọ́." Nígbà náà, a rò pé ó kàn fẹ́ fìyà jẹ wá ni. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣé. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ wa lọ́jọ́ náà ni mò ń jẹ títí dòní.

Àbá kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹgbẹ́. Kí àwa tí a ti ń gba ènìyàn síṣẹ́ máa wá sí ilé-ìwé wa lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, ká jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn, ká ṣe íńtáfíù fún wọn bí ẹni pé tòótọ́ ni, ká sì sọ ibi tí wọ́n kù sí fún wọn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Èmi ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ku tiyín.